Ìṣó Létè Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹnu ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olóṣèlú, kì í sì í ṣe oníwàásù. Àga oníkúṣìn ni ó ń ṣe. Bí ó bá ti na awọ bo fóòmù tán, ọwọ́ òsì ni yóò fi tẹ awọ náà mọ́ igi, òòlù yóò wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ètè rẹ̀ a sì di ọwọ́ kẹta. Ibẹ̀ ni ìṣó máa ń wà, wọn a tò bí ọmọ iléèwé tí ń dúró de agogo, orí wọn níta, ẹnu wọn nínú. Ahọ́n a ti ọ̀kan síwájú, ọwọ́ a gbà á, òòlù a sọ̀kalẹ̀ lé e. Kò gbé ìṣó mì rí. Nítorí èyí ni àwọn ará àdúgbò ṣe ń pè é ní Ẹlẹ́nu-Ìṣó, àwọn tí ó sì ti bá a dúnàá dúrà rí yóò sọ fún yín pé wọn kò ṣi orúkọ náà pè.

Iṣẹ́ bàbá wa ni. Bàbá wa kò bí ọkùnrin. Nígbà tí ó kú, àwọn ẹbí ní kí a ta òòlù, kí a ta ayùn, kí a ta tábìlì iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì ju ọmọge lásán lọ nígbà náà, gun orí tábìlì náà, ó jókòó lé e, kò sì sọ̀kalẹ̀ títí tí ó fi rẹ ẹni tí ó fẹ́ rà á, tí onítọ̀hún bá tirẹ̀ lọ. Lórí tábìlì yẹn ni owó iléèwé mi ti wá. Bí mo ṣe di olùkọ́, tí mo di ọ̀gá iléèwé, tí mo sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú iyì, ìṣó ẹnu rẹ̀ ni a fi kàn án.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí wọ́n pè ní ojo.

Mo ti rí i tí òòlù ba àtàǹpàkò rẹ̀, tí èékánná ṣí, tí ó fi àkísà wé e, tí ó sì ní kí oníbàárà máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó ń rọbí, agbẹ̀bí ni ó ń pariwo, òun kọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó sunkún tirẹ̀ tán nínú yàrá, ó sì jáde wá bá àwọn tí ó wá kí i pé kí wọ́n jẹun. Obìnrin yìí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀rí ìgboyà.

Eyín ńlá kan ni ó kó o sí wàhálà, èyí tí ó wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀, lápá òsì. Ó ti ń fi omi gbígbóná tù ú lójú fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí kò gbà mọ́, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn eyín. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹnu kú tipiri, wọ́n mú un wọlé, dókítà fi ẹ̀mú di eyín náà mú, ó sì fà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ń dun òun. Wọ́n ní kò lè dùn ún, nítorí ó ti gba abẹ́rẹ́. Ó tún wí. Nọ́ọ̀sì di orí rẹ̀ mú mọ́ àga, dókítà sì tún fà á. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ké, igbe tí gbogbo àwọn tí ó wà níta gbọ́, ó sì ti ọwọ́ dókítà dànù. Eyín náà kán. Orí rẹ̀ bá ẹ̀mú lọ, gbòǹgbò rẹ̀ dúró sínú egungun.

“Mọ́mì, ẹ ò tilẹ̀ tijú,” ni nọ́ọ̀sì wí bí ó ti ń sìn ín jáde, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Àwọn àgbà bíi tiyín ń wá síbí, wọn kì í mí kanlẹ̀. Ẹ̀yin wá ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.”

Kò lè dùn ún. Mo fẹ́ kí ẹ gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀ wò. Ẹni tí eyín kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ń sọ fún ẹni tí ó ni eyín pé kò dùn ún. Ìgbà wo ni ìrora di ohun tí a ń gbàṣẹ kí a tó ní in? Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ṣé wọn yóò ní kò lè gbẹ ẹ́, nítorí pé omi wà nínú kànga ẹ̀yìn ilé?

Ọ̀rọ̀ náà dé àdúgbò kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ọkùnrin tí ń lẹ táyà ní òdìkejì títì pè é láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: “Ẹlẹ́nu-Ìṣó, wọ́n ní ìṣó pàdé ẹ̀mú o!” Ní ọjọ́ mìíràn, èsì tí ẹ̀gbọ́n mi ìbá fọ̀ fún un, táyà tí ó ń lẹ̀ ìbá tún bẹ́. Ní ọjọ́ náà, ó kọjú sí ògiri.

Gbòǹgbò tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọyún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, wíwú náà sì ń wá sí abẹ́ àgbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ pe dókítà kan wá sílé, ẹni náà kọ oògùn, ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó mú kí ọmọ náà pè mí lórí fóònù tẹkún-tẹkún: oògùn yóò kàn dá a dúró díẹ̀ ni, bí wọn kò bá yọ gbòǹgbò náà, wíwú lè sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun, bí ó bá sì dé ibẹ̀, èémí ni yóò dí. Ìyá rẹ̀ sì ti wí pé òun kò lọ.

Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ìṣó wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ọ̀kan lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ kan ni ó fi ń mú ìṣó, ó ń gbé òòlù sílẹ̀, ó ń gbé e, bí akọ́ṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ojú mi kò gbà á.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ.”

“Tíṣà, jókòó. Má fojú ọ̀gá iléèwé wò mí, mi ò sí ní kíláàsì ẹ.”

“Gbòǹgbò yẹn lè pa yín.”

“Àwọn yẹn náà lè pa mí. Ti gbòǹgbò yìí dáa díẹ̀. Inú ilé mi ni n ó kú sí, ẹnikẹ́ni ò sì ní dì mí lórí mú.”

“Ṣé ẹ̀rù ló ń bà yín ni?”

“Ẹ̀rù kì í ba orí kó sá wọnú ọrùn.” Ó gbé òòlù sílẹ̀. “Kì í ṣe ẹ̀rù, àbúrò mi. Mo sọ fún wọn pé ó ń dùn mí, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Nínú ẹnu èmi fúnra mi. Ṣé ó wá yẹ kí n tún gbé ẹnu ọ̀hún lọ bá wọn?”

Ó fọwọ́ pa awọ àga iwájú rẹ̀, ó sì wí pé:

“Béèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Ọmọge kan wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí mo dé. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ tipẹ́. Ẹ̀yìn mi ló wọlé. Nígbà tí wọ́n mú mi jáde, kí n tó rí ẹsẹ̀ mi gbé kúrò ní bẹ́ǹṣì, ó ti jáde, òwú wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń tẹ fóònù. Abẹ́rẹ́ kan náà. Ṣé eyín tiẹ̀ kì í ṣe eyín ni?”

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sí ilé ìwòsàn náà ní ọjọ́ kejì. N kò gba káàdì. Mo jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì bí ẹni tí ń dúró de ènìyàn, mo sì la ojú mi.

Yàrá méjì ni ó wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì gígùn kan sì wà láàárín wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú yàrá àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń gún ni lábẹ́rẹ́. Bí a bá ti gún ọ tán, wàá jáde wá jókòó sí ìdí bẹ́ǹṣì, wàá máa sún díẹ̀díẹ̀ bí àwọn tí ó wà níwájú rẹ bá ti ń wọlé, títí wàá fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá kejì, níbi tí dókítà àti ẹ̀mú wà. Sísún yẹn ni ó ń fún oògùn ní àyè láti ṣiṣẹ́. Kí ènìyàn tó sún dé ẹnu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ yóò ti kú. Ẹni tí ó gbọ́n ni ó ṣe ètò náà, n kò jiyàn.

Nígbà náà ni bàbá àgbàlagbà kan jáde láti yàrá abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo bẹ́ǹṣì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

“Bàbá, ẹ máa lọ síwájú.”

“Ẹ ò lè tò, sà. Àgbà ni yín.”

“Nọ́ọ̀sì, Bàbá rèé o.”

Nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì mú bàbá wọlé. Abẹ́rẹ́ náà kò tíì gbẹ ní ẹnu rẹ̀.

Gbogbo ara mi gbóná. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bù fún bàbá náà, ọ̀wọ̀ tí a fi kọ́ gbogbo wa láti kékeré, tí èmi fúnra mi sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀wọ̀ náà ni wọ́n fi gbé e láàyè fún ẹ̀mú. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé tí kò sí ẹni tí ó kà á sí, ì bá jókòó, ì bá sún, ẹnu rẹ̀ ì bá sì ti kú kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Bàbá náà jáde. Kò ké. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi dúró sí i, ó sì ń fi ọwọ́ wá ibi tí yóò gbá mú. Nọ́ọ̀sì kọjú sí bẹ́ǹṣì: “Ẹ wo Bàbá. Ẹ rí i bí àgbà ṣe ń ṣe?”

Mo dìde, mo fún un ní ìjókòó mi. Mo bi í léèrè ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Sà, ṣé ó dùn yín?”

Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sínú ike. “Ìyá, ó ṣì ku eyín kan tó yẹ kí n yọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ padà wá yọ ọ́ báyìí? Ó dùn mí dé ìdí ẹsẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò wí?”

“Kí n wí fún ta ni? Lẹ́yìn tí wọ́n ti dìde fún mi?”

Òtítọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà kò mí kanlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ti wí. Wọ́n ti fi ọ̀wọ̀ dí wọn lẹ́nu kí wọ́n tó dé orí àga. Nítorí pé wọn kò ké, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀, ẹni kan ṣoṣo tí ó ké di ojo.

N kò kan ilẹ̀kùn dókítà. Mo ṣí i. Ọkùnrin tí kò tíì pé ẹni àádọ́ta ni, awò ojú rẹ̀ wà ní iwájú orí, ó ń fọ ọwọ́.

“Dókítà, báwo ni abẹ́rẹ́ yín ṣe ń pẹ́ tó kó tó mú?”

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀kùn. “Kì í mú lójú ẹsẹ̀, Mà. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú iṣan kó tó dí ọ̀nà ìrora. Àwọn tó bá jókòó pẹ́, ó ti mú wọn dáadáa kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n.”

“Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ńkọ́?”

Mo rí i nígbà tí ó yé e, ó sì dà bí ẹni pé ohun tí ó ti mọ̀ tipẹ́ ni, tí kò kàn fẹ́ wò lójú. “Àwọn èèyàn ló ń fún wọn láyè, Mà. Ó ṣòro fún mi láti lé àgbà padà.”

“Ẹ ò lè lé àgbà padà, àmọ́ ẹ lè fa eyín lẹ́nu rẹ̀ kí ẹnu ọ̀hún tó kú?”

“Wọn kì í sọ pé ó dun àwọn.”

“Ẹnì kan sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ dì í lórí mú.”

Ó rántí rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ títí tí aṣọ ìnuwọ́ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé fún mi, kò sì fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n mi tún ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí pé eyín náà ti ń kó ọyún ṣáájú. Ibi tí ó bá ti wú, tí ó ń kó ọyún, ara ibẹ̀ a máa kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, oògùn náà sì ní kíkan tirẹ̀ láti inú ìgò. Kíkan bá pàdé kíkan, díẹ̀ ni yóò ráyè wọ inú iṣan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́hùn-ún ni ó yẹ kí a ti gún un, níbi tí iṣan náà ti ń wọ egungun, tí ó jìnnà sí ọyún. Ó sì yẹ kí a po omi sódà díẹ̀ mọ́ oògùn náà kí kíkan rẹ̀ lè rọ̀, kí a dúró, kí a sì dán an wò kí a tó mú irin.

“Gbogbo èyí, ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Wọ́n kọ́ wa, Mà.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì wí fún un pé kò lè dùn ún.”

Bí ó bá jẹ́ àìmọ̀ ni mo bá níbẹ̀, ǹ bá dárí jì í, nítorí àìmọ̀ ni ó fún mi níṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Ìmọ̀ ni mo bá, tí a dì bí ẹrù, tí a gbé sí igun ilé, tí ẹnikẹ́ni kò tú nítorí pé èrò pọ̀ níta.

“Ẹ mú wọn wá,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Mi ò lè ṣèlérí pé wọn ò ní mọ nǹkan kan rárá. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé bí wọ́n bá ní ó ń dun àwọn, n ó dúró.”

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo gbé dé ṣọ́ọ̀bù. N kò fi àlàyé oògùn bẹ̀rẹ̀, n kò dárúkọ sódà. Mo ní: “Ó ní bí ẹ bá ní ó ń dùn yín, òun á dúró.”

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa ibi tí ó wú. Wíwú náà ti mú kí ọ̀rọ̀ máa jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé ó ń sọ ọ́ láti inú ìkòkò. “Ó ní òun á dúró?”

“Ó ní bẹ́ẹ̀.”

“Ó dáa. N ó mú ìṣó kan lọ.”

N kò mọ ohun tí ó ní lọ́kàn títí tí a fi dé orí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti gún un, ní ẹ̀yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́hùn-ún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, dókítà fúnra rẹ̀ ni ó sì po oògùn náà. Bí ó ti jáde, gbogbo bẹ́ǹṣì dìde.

“Mọ́mì, ẹ máa lọ síwájú.”

“Ẹ jókòó,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Èmi náà fẹ́ jókòó.”

“Rárá o, Mà. Àgbà ò gbọdọ̀ tò.”

“Ṣé àgbà ni mí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Ṣé ẹ ó ṣe ohun tí àgbà bá wí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Ẹ jókòó.”

Wọ́n jókòó. Ó mú ìṣó láti inú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn gígùn tí orí wọn tóbi bíi bọ́tìnnì, ó ti fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ láti ilé. Ó fi orí rẹ̀ síta, ó sì fi ètè mú un ní apá òsì, nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti kékeré.

Nọ́ọ̀sì sáré dé. “Mọ́mì, kí lèyí? Ẹ yọ ìṣó lẹ́nu.”

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu kejì, bí ó ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. “Mo ṣì ń mọ̀ ọ́n létè. Ìgbà tí mi ò bá mọ̀ ọ́n mọ́, á já bọ́. Bó bá já bọ́, ẹ pè mí.”

“Dókítà,” ni nọ́ọ̀sì ké, “ẹ wá wo Mọ́mì o.”

Dókítà yọjú. Ó wo ìṣó náà, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. “Ètè ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ wa pé ká máa fi mọ̀ bóyá oògùn ti mú,” ni ó wí fún nọ́ọ̀sì. “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ ṣáà máa ṣọ́ wọn kí wọ́n má gbé e mì.”

“Èmi?” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ohùn rẹ̀ sì kún fún ẹ̀gàn tí n kò tíì gbọ́ láti ìgbà tí eyín náà ti kán. Ara mi balẹ̀ díẹ̀.

Bẹ́ǹṣì ń sún. Kò sí ẹni tí ó ń tẹ fóònù mọ́. Ìṣó ni gbogbo wọn ń wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òun náà ti gbabẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ fa ètè tirẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń sọ̀rọ̀, ó ń bi obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ léèrè ẹni tí ó ṣe àga palọ̀ rẹ̀ tí ó fi ń dùn ún nídìí, nígbà tí ìṣó náà yẹ̀ létè rẹ̀, ó sì já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Ó dún gban. Ẹ̀gbọ́n mi kò dákẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ó ti já.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni mo wí, “ìṣó yín wà nílẹ̀.”

Ó wolẹ̀. Ó fọwọ́ kan ètè rẹ̀. Ó sì dìde fúnra rẹ̀.

Wọ́n jẹ́ kí n dúró tì í. Dókítà fi irin ṣóńṣó kan tọ́ ẹran ìdí eyín náà.

“Mo ń mọ̀ ọ́n,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀ ní ìhà orí rẹ̀. Mo wo ọwọ́ náà, ó sì padà sí ibi tí ó ti wá. Dókítà fa irin kúrò. Kò ní kò lè dùn ún. Ó ní, “Níbo, Mà?” Ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan kún un ní ibi tí ó júwe, sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò náà gan-an, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó sì ń wo ògiri pẹ̀lú wa. Nígbà tí ó tún tọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi mi orí pé òun kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ṣí ẹran náà, ó gbẹ́ egungun díẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí eku ń ha pákó. Ẹ̀gbọ́n mi ranjú mọ́ àjà. Gbòǹgbò náà jáde pẹ̀lú ọyún rẹ̀, ó dúdú, ó kéré. Ohun kékeré báyìí ni ó fẹ́ dí i léèmí.

Ọjọ́ náà ni mo rò pé ìbínú mi yóò rọ̀. Kò rọ̀. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ó fi í ṣẹ̀sín ní gbangba kàn fún un ní òwú pé kí ó fi eyín dì í mú ni.

A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá arúgbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti yàrá abẹ́rẹ́, aṣọ orí rẹ̀ ti yẹ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì sì ti dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Màmá, ẹ máa lọ síwájú.” Nọ́ọ̀sì ti ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ̀rọ̀. Òwú kún ẹnu rẹ̀. Ó di aṣọ ìyá náà mú ní ìbàdí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì fà á jókòó ti ara rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé o,” ni nọ́ọ̀sì wí.

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Kò sì jọ̀wọ́ aṣọ.

Ìyá arúgbó náà wo ọwọ́ tí ó dì í mú, ó wò mí. “Ọmọ mi, kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Mà,” ni mo wí, mo sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì. “Ẹnu yín ni ò tíì kú.”